Ẹ̀yin oníṣẹ́ CNC Abẹ́òkúta: kí lẹ máa ń ṣe nínú CAM kí ẹ tó jẹ́ kí bíìtì kan pákó?

Kápẹ́ńtà-Ọbáńtókò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin àbúrò. Ilẹ̀kùn àti bẹ́ẹ̀dì ni mò ń kàn ní Ọbáńtókò. Ráútà CNC kan, ẹ̀rọ tó ń fi bíìtì tó ń yí gé pákó fúnra rẹ̀ bí fáìlì bá ṣe wí, ti wọ ṣọ́ọ̀bù wa báyìí, tòkunbọ̀ ni, tábìlì rẹ̀ jẹ́ 4 by 8. Yíyà àwòrán kì í ṣe ìṣòro, ọmọ tí mò ń kọ́ níṣẹ́ pàápàá mọ̀ ọ́n yà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń le ni inú CAM, software tó ń sọ àwòrán di toolpath, ìyẹn ọ̀nà tí bíìtì máa gbà. Pákó ń jó, èéfín ń rú, etí ibi tí bíìtì gbà kọjá á dúdú. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹ̀rọ á ka ìlà díẹ̀ nínú fáìlì, á dúró, á ní òun kò mọ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀.

Oníbàárà kan ti san àsansílẹ̀ fún ilẹ̀kùn ìrókò tó ní ọnà lára, ẹ sì mọ iye tí ìrókò ń jẹ́ lọ́jà. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ máa ń ṣe nínú software kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì? Láptọ́ọ̀pù mi kò lágbára púpọ̀, RAM 4 GB ló ní.

Tọ́nà-Láfẹ́ńwá

Kú iṣẹ́, ọmọ mi. Ó dára tí o béèrè kí o tó fọwọ́ kan ìrókò oníbàárà.

Kọ̀ǹpútà kò rí ẹ̀rọ rẹ. Ohun tí o bá sọ fún un nípa pákó, nípa bíìtì àti nípa tábìlì ló máa gbà gbọ́, òun náà ló sì máa fi ṣiṣẹ́. Bí o bá kọ ọ́ sí i pé pákó nípọn 18 mm, tí ó sì jẹ́ 17.2 mm, 18 ló máa gé, 0.8 tó ṣẹ́kù á wọ inú tábìlì. Má tẹ̀ lé ohun tí onípákó fẹnu sọ. Mú fáníà, wọn pákó ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti láàárín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó gùn, nítorí pákó tí wọ́n là ní sọ́mílì tiwa kì í fi gbogbo ara dọ́gba.

Software á tún bi ọ́ pé níbo ni òdo Z wà, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ ti ń ka òkè àti ìjìn, ṣé orí pákó ni àbí orí tábìlì. Má fi ìbéèrè yẹn ṣeré. Bí o bá fẹ́ gé pákó já, orí tábìlì ni kí o fi òdo sí. Bí pákó nípọn, bí kò nípọn, ibi tí tábìlì ti bẹ̀rẹ̀ ni bíìtì á dúró sí. Bí o bá fẹ́ gbẹ́ ọnà, ìjìn láti ojú pákó lo ń wá, nítorí náà orí pákó ni. Èyí tí o bá yàn nínú software, òun gan-an ni kí o ṣe lórí ẹ̀rọ. Èmi máa ń kọ ọ́ mọ́ orúkọ fáìlì, bíi ILEKUN_ORIPAKO tàbí ILEKUN_ORITABILI, kí ẹnikẹ́ni tó bá wà nídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà lè mọ̀ láì bi mí.

Tún wo ínṣì àti mílímítà. G21 ni mílímítà nínú G-code, èdè tí ẹ̀rọ ń kà, G20 ni ínṣì, ínṣì kan sì jẹ́ 25.4 mm. Bí iṣẹ́ bá jáde kéré bí èékánná, tàbí tí ẹ̀rọ fẹ́ sáré kúrò lórí tábìlì, ibẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò. Àwòrán DXF (irú fáìlì àwòrán onílà) tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kì í fi gbogbo ìgbà sọ ìwọ̀n tí wọ́n fi yà á. Wá ohun kan nínú àwòrán náà tí o mọ bó ṣe fẹ̀ tó, kí o wọn ọ́n kí o tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Ọmọ-Camp

Ẹ̀gbọ́n, lórí láptọ́ọ̀pù 4 GB, mi ò ní sọ pé kí ẹ gbé Fusion, software CAM kan, lé e. Ó wúwo, ó sì fẹ́ kí ẹ máa fi íntánẹ́ẹ̀tì wọlé. Ẹ̀dà ọ̀fẹ́ rẹ̀ kò sì wà fún òwò gidi. Láti oṣù kẹwàá 2020 ni wọ́n ti gé e kù: ẹ̀rọ kò ní lè fò kíákíá láti ibì kan sí èkejì mọ́, bó ṣe ń rìn nígbà tó bá ń gé náà ni yóò máa rìn, fáìlì kan kò sì ní gba pípààrọ̀ bíìtì. Ẹni tó ní ráútà lè fara mọ́ ti bíìtì, torí bíìtì kan fún fáìlì kan náà ló dára fún wa tẹ́lẹ̀.

FreeCAD, òmíràn, jẹ́ ọ̀fẹ́ pátápátá, ẹ sì lè fi ṣòwò. Kò ní gba dátà lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Apá tí wọ́n ń pè ní Path tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sọ di CAM nígbà tí 1.0 jáde ní oṣù kọkànlá 2024, nítorí náà bí ẹ bá ń wo fídíò tó ti pẹ́ tí wọ́n ń pe Path, ohun kan náà ni. Fún ihò, kọ́bọ́ọ̀dù àti gígé pákó já, ó tó. Fún ọnà ilẹ̀kùn, yóò lá yín lóòógùn.

Software ilé iṣẹ́ Vectric ni mo rí pé ó rọ kápẹ́ńtà lọ́rùn jù. VCarve wà fún lẹ́tà àti ọnà onílà, Aspire wà fún ẹni tó fẹ́ fúnra rẹ̀ mọ ọnà tó yọ sókè. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú VCarve Desktop, kì í gba iṣẹ́ tó ju ínṣì 25 sí 25 lọ lẹ́ẹ̀kan. Tábìlì 4 by 8 yín, ẹ̀dà Pro ló bá a mu. Ẹ lè fi ẹ̀dà ìdánwò kọ́ gbogbo rẹ̀ láì san kọ́bọ̀, àfi pé kò ní jẹ́ kí ẹ gbé toolpath iṣẹ́ tiyín jáde. Èyí tí wọ́n ti já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pín nínú fíláàṣì, ẹ má jẹ́ kó dé orí kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ owó. Fáírọ́ọ̀sì ló sábà máa ń bá a wá, ẹ ò sì ní rí ẹni tí ẹ máa bi bí post rẹ̀, apá tó ń tú toolpath sí èdè ẹ̀rọ, bá ń kọ ìkọkúkọ.

Olùkọ́-Wọ́kíṣọ́ọ̀pù

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti jíjó, nítorí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò jù. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé fíìdì, ìyára tí bíìtì fi ń rìn nínú pákó, ló ń jó o bó bá pọ̀. Wọ́n á wá dín fíìdì kù, pákó á sì tún jó sí i. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀.

Ẹ mú bíìtì 6 mm tó ní eyín 2. Sípíńdù, mọ́tò tó di bíìtì mú, ń yí 18,000 ní ìṣẹ́jú kan. Eyín méjì yẹn á fọwọ́ kan pákó nígbà 36,000 láàárín ìṣẹ́jú náà. Bí ẹ bá fi fíìdì sí 800 mm/min, ohun tó kan eyín kọ̀ọ̀kan láti gé ni 800 pín sí 36,000, èyí tó jẹ́ 0.022 mm. Ìyẹn kì í ṣe gígé mọ́. Eyín kàn ń fi ara ra igi ni, ooru sì ni ìfarara ń bí. Nínú igi líle, bíìtì 6 mm yẹ kó máa gé tó nǹkan bí 0.1 mm ní eyín kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi 18,000 ṣe ìlọ́po eyín 2, kí ẹ tún fi ṣe ìlọ́po 0.1, ẹ ó rí 3,600 mm/min. Bí ẹ̀rọ yín bá ń gbọ̀n ní 3,600, ẹ má dín fíìdì nìkan kù. Ẹ sọ yíyí kalẹ̀ sí 12,000, fíìdì á di 2,400, eyín á sì máa gé 0.1 rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Ẹ tún wo ojú VFD, àpótí tó ń darí ìyára sípíńdù. Hz ló sábà máa ń wà níbẹ̀, kì í ṣe RPM (iye ìgbà tó yí ní ìṣẹ́jú kan). Sípíńdù tó ń yí 24,000 ní 400 Hz ló wọ́pọ̀ lórí ráútà wọ̀nyí, nítorí náà ẹ fi 60 ṣe ìlọ́po Hz: 300 Hz jẹ́ 18,000, 200 Hz jẹ́ 12,000. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, iye tí ẹ kọ sínú software kì í dé ọ̀dọ̀ sípíńdù rárá. Ọwọ́ lẹ máa fi yí i. Bí software bá ń ṣírò pẹ̀lú 12,000, tí VFD sì wà ní 400 Hz, pákó yóò jó, ẹ ó sì máa bú bíìtì tí kò ṣẹ̀.

Èérún ni kí ẹ máa wò. Ìrókò tó ń gé dáadáa á máa tú èérún tí ẹ lè fi ìka ṣà. Bó bá ń jáde bí èlùbọ́, fíìdì kéré tàbí bíìtì ti kú. MDF kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o, eruku náà ni tirẹ̀.

Ní ti ìjìn, ẹ má ju ìdajì ìbú bíìtì lọ nínú ìrókò: 3 mm lẹ́ẹ̀kan fún bíìtì 6 mm. Ẹ yan ramp, kí bíìtì máa wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń rìn, dípò kó já lulẹ̀ ṣánṣán, ó wà nínú gbogbo software tí wọ́n dárúkọ lókè, ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa tẹ̀ ẹ́. Ìrókò tún máa ń ní òkúta nínú, kálísíọ̀mù tó dì sínú igi, ó sì ń pa ẹnu bíìtì. Káábáìdì ni kí ẹ lò. Ẹ bo imú yín dáadáa, eruku ìrókò ń yún imú, ó sì ń yún ara.

Tọ́nà-Láfẹ́ńwá

Olùkọ́, ẹ ṣeun. Kí ẹni tó ń gé irin má ṣe gbé iye yẹn lọ sórí mílíìnì o. Bíìtì HSS 10 mm lórí irin lásán, mítà 25 ní ìṣẹ́jú kan ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Fi 1,000 ṣe ìlọ́po 25, kí o pín in sí 3.142 ìlọ́po 10, wàá rí nǹkan bí 800 RPM. Eyín 4, kí kọ̀ọ̀kan gé 0.04, fíìdì jẹ́ 128 mm/min.

Ohun kan tún wà tí software máa ń yàn láì béèrè, òun ni climb, ìyẹn kí eyín bíìtì máa gé sí ìhà kan náà tí iṣẹ́ ń rìn sí; conventional ni òdìkejì rẹ̀. Ẹ̀rọ tí síkùrù rẹ̀ ti jẹ, tí tábìlì rẹ̀ ń lọ síwá sẹ́yìn bí o bá fọwọ́ mì ín, climb á já a gbà mọ́ ọ lọ́wọ́, bíìtì á kán. Yan conventional lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́-Wọ́kíṣọ́ọ̀pù

Òótọ́ ni, Bàbá, lórí irin àti lórí ẹ̀rọ tó ti gbó. Lórí pákó, tí síkùrù ẹ̀rọ bá ṣì dára, conventional ni mo fi ń gé èyí tó pọ̀, màá fi 0.3 mm sílẹ̀ lára, màá wá fi climb gbá a kọjá lẹ́ẹ̀kan. Etí rẹ̀ máa ń mọ́ ju kí n fi ọ̀kan ṣoṣo ṣe gbogbo rẹ̀ lọ.

Aládìrẹ-Ìtòkú

Ẹ kú ọjà o. Bátánì àdìrẹ ni mo ń gé ní Ìtòkú, bulọ́ọ̀kù onígi tí a fi ń tẹ àbẹ́là yíyọ́ sára aṣọ, àti ti páànù àti ti rọ́bà fún ẹlẹ́kọ. Àwọn baba wa ní ìlú yìí ti ń fi ọwọ́ gé páànù ṣe bátánì kí CNC tó dé, ohun tí wọ́n mọ̀ nígbà náà ni software kò mọ̀ títí di òní.

Bí ẹ bá gé òrùka sínú páànù, àárín rẹ̀ á já bọ́. Afárá gbọ́dọ̀ wà tó so àárín mọ́ ìta. Àwọn kan máa ń rò pé tabs inú CAM, àwọn ìsopọ̀ kékeré tí bíìtì fi sílẹ̀ láìgé, ló wà fún ìyẹn. Rárá o. Tabs wà kí iṣẹ́ má bàa fò nígbà tí bíìtì ń gé e, ẹ ó sì gé e kúrò tí ẹ bá parí. Afárá bátánì, inú àwòrán fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti yà á kó tó dé CAM. Mo máa ń fi 3 mm sílẹ̀, 4 mm bí bátánì bá fẹ̀. Èyí tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń ya níbi tí a bá ti ń fọ ẹ̀kọ kúrò lára rẹ̀.

Bíìtì kì í gé igun inú tó mú. Bíìtì 3 mm á fi ìtẹ̀kọrọ 1.5 mm sílẹ̀ ní igun kọ̀ọ̀kan. Fún ewé àti fún ojú ẹyẹ, mo máa ń lo V-bit, bíìtì tí ẹnu rẹ̀ rí bíi V, ẹnu yẹn ló ń wọ igun. Ṣùgbọ́n ẹ máa ṣírò ìjìn rẹ̀. V-bit 90° máa ń wọlẹ̀ tó ìdajì ìbú ìlà: ìlà tó fẹ̀ 10 mm, ó wọ 5 mm. V-bit 60° lórí ìlà kan náà á wọ nǹkan bí 8.7 mm. Lórí bulọ́ọ̀kù 12 mm, ìyẹn ti jìn jù, igi yóò kù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lábẹ́, òòlù kan péré ló máa là á. Ẹ fi òpin sí ìjìn nínú software, sọ pé kó má kọjá 4 mm, kí ẹ sì fún un ní bíìtì pẹlẹbẹ tí yóò kó àárín ìlà tó fẹ̀.

Bulọ́ọ̀kù tó bá ní lẹ́tà lára, ẹ yí àwòrán padà bí inú dígí kó tó di toolpath. Ti páànù kò nílò rẹ̀. Oníbàárà kì í ránnilétí ọ̀rọ̀ yìí, aṣọ ló máa sọ ọ́.

Onígéètì-Àsẹ̀rò

Àwa tí a ń fi plasma gé páànù géètì náà ní tiwa. Iná plasma máa ń jẹ irin níbi tó bá kọjá, kerf ni software ń pè é. Gé igun mẹ́rin 100 mm láì jẹ́ kí software ṣe àtúnṣe kankan, kí o wọn ọ́n. Bó bá jẹ́ 98.5, kerf rẹ jẹ́ 1.5 mm, iye yẹn ni kí o kọ sínú software. Bó o bá pààrọ̀ imú tọ́ọ̀ṣì tàbí tí irin bá nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tún un wọ̀n.

Lead-in, ìlà kékeré tí iná fi ń wọ iṣẹ́, gbọ́dọ̀ wà nínú apá tí a máa jù nù. Ibi tí iná bá ti kọ́kọ́ lu irin máa ń fẹ̀, ó sì máa ń rí jákujàku. Bí ó bá bọ́ sára ewé ọnà géètì, àwọ̀ kò lè bò ó. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ibi tí tọ́ọ̀ṣì ń lọ ló máa ń gún dáadáa, nítorí náà yan pé kí ìta yí bí ọwọ́ agogo, kí àwọn ihò inú yí lódìkejì. Inú ni kó kọ́kọ́ gé, kí ìta kẹ́yìn. Bí ìta bá kọ́kọ́ já, irin á ti sún kúrò níbi tó wà kí ó tó kan ihò.

Ṣáájú gbogbo ìyẹn, wá ìlà tó gun ara wọn nínú DXF. Àwòrán tí wọ́n gbé kiri láti ọwọ́ dé ọwọ́ máa ń ní ìlà méjì níbi kan náà, ojú kò lè rí i. Tọ́ọ̀ṣì á gé ibì kan lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kejì á sì yọ́ etí rẹ̀. Wá ìlà tí kò pàdé pẹ̀lú, torí tí ẹnu ìlà bá ṣí, software kò mọ inú yàtọ̀ sí ìta.

Kápẹ́ńtà-Ọbáńtókò

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. A ti sọ VFD kalẹ̀ sí 200 Hz, fíìdì 2,400, lórí àjákù ìrókò. Kò jó mọ́, èérún gidi ló ń jáde.

Ó ku fáìlì tó ń dúró. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà ló ń darí ẹ̀rọ wa, DSP olọ́wọ́ ni, àpótí ìdarí tí à ń fi ọwọ́ mú, fíláàṣì la fi ń gbé fáìlì fún un. Ọ̀rọ̀ iná náà tún wà. Bí iná bá lọ láàárín ọnà, kí ni ṣíṣe?

Ọmọ-Camp

Post ni, ẹ̀gbọ́n. Toolpath tí ẹ rí lójú software kò tíì di èdè ẹ̀rọ yín. Post ló ń tú u, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sì ní ohun tó gbọ́ àti ohun tí kò gbọ́. Ẹ wo orúkọ tó wà lójú DSP yín, kí ẹ yan post tó ń jẹ́ orúkọ yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wà ní méjì-méjì, ti ínṣì àti ti mm, ti mm ni kí ẹ mú.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi Notepad ṣí fáìlì náà, kí ẹ ka ìlà mẹ́wàá àkọ́kọ́. Ẹ ó rí G21, G90 (kí ẹ̀rọ máa wọn gbogbo ibi láti òdo), M3 (kí sípíńdù máa yí) àti iye yíyí rẹ̀. Bí ẹ bá rí M6 (pípààrọ̀ bíìtì) tàbí G43 (gígùn bíìtì), tí ẹ̀rọ yín kò sì lè fúnra rẹ̀ pààrọ̀ bíìtì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ló ti ń dúró. GRBL gan-an báyìí, ètò ìdarí irú èyí tó wà lórí ẹ̀rọ kéékèèké, kò mọ M6, kò sì mọ G81 tí wọ́n fi ń lu ihò. Error:20 ló máa kọ. Ẹ má máa fi ọwọ́ pa ìlà rẹ́ ní gbogbo ìgbà. Ẹ wá post tó tọ́ lẹ́ẹ̀kan, kó má bàa jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ní ṣọ́ọ̀bù ló mọ ìlà tí wọ́n ń pa.

Aládìrẹ-Ìtòkú

Error:20 yẹn ni mo ń rí lórí tèmi! Ẹ kú làákàyè o.

Ìyá-Fọ́níṣọ̀-Adátán

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ iná, ṣọ́ọ̀bù wa mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ má ṣe gbogbo ilẹ̀kùn ní fáìlì kan. Ẹ ya èyí tó ń kó igi tó pọ̀ kúrò sọ́tọ̀, ẹ ya èyí tó ń dán ọnà sọ́tọ̀, kí gígé ìta jẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọnà tó bá gùn, ẹ pín in sí apá òkè àti apá ìsàlẹ̀. Bí iná bá lọ, apá kan lẹ máa tún ṣe.

Bí ẹ̀rọ yín bá ní switch homing, ẹ máa lò ó ní gbogbo òwúrọ̀ kí ẹ tó fi òdo sí pákó. Ẹ̀rọ tó mọ ilé rẹ̀ á lè padà sí òdo kan náà nígbà tí iná bá dé. Èyí tí kò ní in, ẹ fi bíìtì V lu àmì kékeré sí ibi òdo, lára apá pákó tí ẹ máa gé jù nù, kí ẹ lè fi ojú wá a padà.

Ọ̀pọ̀ DSP máa ń rántí ibi tí iṣẹ́ dé nígbà tí iná lọ. Ẹ wá a nínú ìwé rẹ̀, kí ẹ sì dán an wò lórí àjákù, ẹ fúnra yín pa iná. Bí kò bá ní in, tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti àárín fáìlì, ẹ má kàn pa gbogbo ìlà òkè rẹ́. Orí fáìlì ló ní G21, G90 àti M3. Láìsí wọn ẹ̀rọ lè wọ inú pákó pẹ̀lú bíìtì tí kò yí. Ẹ fi orí fáìlì sílẹ̀, kí ìlà tó tẹ̀ lé e gbé Z sókè, kí ó rìn lọ sí ibi tí iṣẹ́ dé, kó tó sọ̀kalẹ̀.

Tọ́nà-Láfẹ́ńwá

Ìyá wa ti sọ ọ́ dáadáa. Èmi kì í bẹ̀rẹ̀ láti àárín lórí irin. Màá padà sí ìbẹ̀rẹ̀ apá náà, kí bíìtì gé afẹ́fẹ́ títí tó fi dé ibi iṣẹ́. Ó gba àkókò, ṣùgbọ́n kì í ba iṣẹ́ jẹ́.

Mo fẹ́ fi kún un pé simulation inú CAM kò rí kílám̀pù rẹ. Ó lè fi iṣẹ́ tó mọ́ tónítóní hàn ọ́, kí bíìtì sì lọ lu irin kílám̀pù. Wọn bí kílám̀pù ṣe ga tó láti ojú pákó, fi 5 mm kún un, ìyẹn ni safe Z rẹ, bí bíìtì ṣe gbọ́dọ̀ ga tó lókè pákó nígbà tí kò bá gé nǹkan. Bó o bá tún fẹ́ wo fáìlì gan-an tó jáde láti inú post, CAMotics jẹ́ ọ̀fẹ́, G-code náà ló ń kà. Lẹ́yìn náà, gbé òdo Z sókè ju bí pákó ṣe nípọn tó lọ, bíi 30 mm fún pákó 18 mm, kí fáìlì sáré lókè pákó, kí ọwọ́ rẹ wà lórí bọ́tìnì pupa.

Olùkọ́-Wọ́kíṣọ́ọ̀pù

Kápẹ́ńtà wa, ẹ jẹ́ ká ṣírò àkókò ọnà yín kí ẹ tó dá iye fún oníbàárà. Ká ní ojú ọnà jẹ́ 600 sí 300 mm. Ẹ kọ́kọ́ fi bíìtì pẹlẹbẹ 6 mm kó igi kúrò, kí ó fi 0.8 mm sílẹ̀ lókè ọnà. Bíìtì olórí roboto 6 mm ni yóò dán an. Stepover, ìyẹn àlàfo láàárín ìlà kan sí èkejì, ló ń pinnu gbogbo rẹ̀. Ní 0.6 mm, ìlà 500 ni yóò rìn, ìlà kọ̀ọ̀kan 600 mm, àpapọ̀ 300,000 mm. Ní 2,500 mm/min, wákàtí 2 nìyẹn, láì ka yíyí ní igun. Ní 0.3 mm, wákàtí 4. Ní 1 mm, ìṣẹ́jú 72.

Kí lẹ wá jèrè? Òkè kékeré tó kù láàárín ìlà ní 0.6 mm ga tó 0.015 mm. Ní 1 mm, ó ga tó 0.042 mm, yánpépà kan péré ló sì máa gbé e lọ. Lójú tèmi, 0.3 mm lórí ìrókò tí ẹ máa fi yánpépà ra, tí ẹ sì máa kùn ní àwọ̀, owó epo jẹnẹ́rétọ̀ lẹ ń dáná sun. Ẹ fi 0.6 síbi ojú èèyàn àti ibi tínńtín, kí ẹ fi 1 mm síbi ewé àti ilẹ̀ ọnà. Ẹ lè pààlà wọn nínú software. Ẹ jẹ́ kí ìlà rẹ̀ tẹ̀ lé ojú igi, kó má dábùú rẹ̀, ìrókò máa ń ya níbi tí iṣan rẹ̀ bá ti yí padà.

Kápẹ́ńtà-Ọbáńtókò

Ìṣẹ́jú 72 sí wákàtí 4! Ẹ kú ìmọ̀ràn, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè kan ló kù: ilẹ̀kùn náà gùn, ọnà sì dé etí, kò sí ibi tí kílám̀pù á dì mú.

Ìyá-Fọ́níṣọ̀-Adátán

Jẹ́ kí pákó gùn ju ilẹ̀kùn lọ pẹ̀lú 50 mm ní orí àti ní ìsàlẹ̀, kí síkùrù dì í mọ́ tábìlì níbẹ̀. Ya ibi síkùrù sínú àwòrán, kí o ṣe toolpath tí yóò fi bíìtì tọ́ ọ ní 2 mm lásán sí ojú ibẹ̀. Ibi tí àmì bá wà ni kí o de síkùrù, o ti mọ̀ pé bíìtì kò ní gba ibẹ̀ kọjá. Gbẹ́ ọnà tán kí o tó gé ìta. Nínú gígé ìta, fi tabs tó fẹ̀ 10 mm, tó nípọn 4 mm, márùn-ún sí ẹ̀gbẹ́ gígùn kọ̀ọ̀kan, méjì sí orí, méjì sí ìsàlẹ̀, kí o má fi wọ́n sí igun. Ayùn ọwọ́ ni kí ọmọ iṣẹ́ fi já wọn, má jẹ́ kó fi òòlù gbá a, torí tab ìrókò tó bá ya máa ń fa ara ilẹ̀kùn lọ pẹ̀lú.